Ọkọ̀ Tí Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Ti Kú Ni Mo Ń Wá

Láti ìgbà tí mo ti sọ Micra mi di oníná, tí mo yọ ẹ́ńjìnnì elépo rẹ̀ tí mo sì fi mọ́tò iná àti bátìrì rọ́pò rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí: ọkọ̀ wo ló dáa jù láti rà fún irú iṣẹ́ yẹn? Ọ̀pọ̀ wọn á ti fi ọkàn mú ọkọ̀ kan kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Corolla ló wà lọ́kàn ẹlòmíì. Ẹlòmíì ní Camry Muscle kan tó ti wà lórí bíríkì nílé tipẹ́tipẹ́. Ẹlòmíì sì fẹ́ràn Honda End of Discussion débi pé kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ mìíràn. Èmi kì í tètè dárúkọ ọkọ̀. Mo máa ń bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ lọ lójoojúmọ́, èèyàn mélòó ló ń wọ̀ ọ́, ibo ló ń sùn lálẹ́, ṣé wáyà iná sì lè dé ibẹ̀. Ìgbà tí mo bá gbọ́ ìdáhùn yẹn tán la tó lè jọ sọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ìnfátà àti sólà ni iṣẹ́ mi, ní Ìbàdàn níbí. Mo lè wà ní Mọníyà láàárọ̀, kí n ti dé Challenge kó tó di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú bátìrì àti wáyà nínú búùtù. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo tí à ń rà ní nǹkan bí 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000. Èrè iṣẹ́ mi ń gba ẹnu táǹkì wọlé lọ. Bẹ́ẹ̀, bátìrì ni mo ń tò fáwọn ẹlòmíì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo wò ó pé ohun tó ń gbé fíríìjì àti ẹ̀rọ omi àwọn oníbàárà mi lè gbé èmi náà.

Àwọn kan ti ṣe é ṣáájú wa. Ní ọdún 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, gbé páńẹ́ẹ̀lì sólà sórí Volkswagen Ìjàpá, ó fi ẹ̀rọ tó ń gba afẹ́fẹ́ kún un, ọkọ̀ náà sì rìn. Ní Màídúgùrì, Mustapha Gajibo ti sọ bọ́ọ̀sì kéékèèké elépo di oníná. Mo ka ìròyìn àwọn méjèèjì ní àkàtúnkà. Ohun tí mo dì mú níbẹ̀ ni pé kò sí èyí tó lọ gbé jíìpù ńlá nínú wọn. Ìjàpá àti bọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n mú, nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ tí kò ní wàhálà nínú.

Bí a ṣe máa ń ra tòkunbọ̀ nílẹ̀ yìí, ìdí ẹ́ńjìnnì ni ojú wa máa ń wà. A ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, a ó ní kí wọ́n sítáàtì rẹ̀, a ó fetí sí i bóyá ó ń kọ́, a ó wo èéfín ẹ̀yìn bóyá ó funfun, a ó fa irin ọ́ìlì yọ ká wo àwọ̀ rẹ̀. Mẹkáníìkì tí a mú dání á ní ẹ́ńjìnnì yìí mọ́, owó á sì gorí. Gbogbo ìyẹn ò kan ẹni tó fẹ́ sọ ọkọ̀ di oníná, torí ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ni ohun àkọ́kọ́ tó máa tú kúrò. Bí ẹ bá san owó gidi nítorí ẹ́ńjìnnì tó mọ́, owó yẹn ti wọgbó. Ara ọkọ̀ ni ẹ ń rà: irin rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀, gíábọ́ọ̀sì rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, bíréèkì rẹ̀ àti ìwé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú ni mo ń wá, tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá.

Ó máa ń ya àwọn tó ń tà á lẹ́nu. Ọmọkùnrin tó ta tèmi fún mi ní Ìwó Road ti múra ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ kí n tó dé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn lé yín sá o. Gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ló jó. Mo lè bá yín wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Gate, kò ní wọ́n yín.”

“Ṣé gíà rẹ̀ ń wọlé?”

“Gíà? Gíà ò níṣòro rárá, mo lè búra.”

“Má búra, àbúrò. Jẹ́ ká gbé e sórí jáàkì.”

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí mo mú dání jẹ́ àgbàlagbà tó ti ń tún Peugeot 504 ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná. Ó wò mí títí, ó ní, “Ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe ṣá?” Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣáà bá mi wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bónẹ́ẹ̀tì.” Owó tí a dúnàá-dúrà lé lórí kéré gan-an sí ti Micra tó ń rìn, ìyàtọ̀ yẹn sì ran bátìrì lọ́wọ́.

Ìwọ̀n ọkọ̀ ni mo fi ṣe àkọ́kọ́ nínú ohun gbogbo, torí orí òkè ni wọ́n tẹ Ìbàdàn dó sí. Ẹ jẹ́ ká mú òkè kan tó ń ga ní mítà 10 nínú gbogbo mítà 100 tí a bá rìn. Bí ọkọ̀ tó wọn 1,000 kílò bá fẹ́ gùn ún ní eré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, agbára tó máa lò wà láàárín kílówáàtì 12 sí 13. Ọkọ̀ tó wọn 1,500 kílò á lò ju 18 lọ. Lórí bátìrì fóòtì 96, ti àkọ́kọ́ á fa nǹkan bí áńpíà 150, ti ìkejì á sún mọ́ 220 tàbí kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti to ìnfátà rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: wáyà tó nípọn sí i, fíúùsì tó tóbi sí i, ooru lórí gbogbo ibi tí wáyà ti pàdé irin, àti bátìrì tí yóò tètè gbó. Camry Muscle yẹn wọn tó 1,450 kílò kó tó di pé ẹnikẹ́ni jókòó sínú rẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó ní in pé kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe tàbí kí wọ́n tà á. Àwọn kan máa ń bínú.

Owó iná náà ń tẹ̀lé ìwọ̀n. Ọkọ̀ kékeré tí a bá rọra wà máa ń jẹ nǹkan bí yúníìtì 15 fún 100 kìlómítà. Díẹ̀ máa ń ṣòfò nígbà tí a bá ń fi iná sí i, nítorí náà ẹ pè é ní 17 lójú mítà. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti fi owó kún iná àwọn tó wà ní Band A, yúníìtì kan ti lé ní 200 náírà. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 3,500 náírà ni 100 kìlómítà, níbi tí ọkọ̀ elépo kékeré á ti mu lítà mẹ́fà tàbí méje, tí lítà kan sì ju 1,000 lọ ní ìparí ọdún 2024. Ẹni tó bá ní sólà lórí òrùlé bíi tèmi á rí i pé ó tún dín kù sí i. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá wúwo, èrè yẹn á máa jò lọ díẹ̀díẹ̀, owó bátìrì ńlá tó máa gbé e á sì gbé ìyókù lọ.

Ìjàpá ni ọkàn mi kọ́kọ́ fà sí. Bọ́ọ̀tù mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì, kò ní ráídétọ̀, 800 kílò àti díẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí irin tó ń so mọ́tò iná mọ́ gíà rẹ̀ fi wà lọ́jà lọ́hùn-ún ní ṣíṣe sílẹ̀. Ọ̀jọ́ ní Èkó ni wọ́n ti ń tò ó láti ọdún 1975, nítorí náà ó kún ìgboro wa nígbà kan. Èyí tó kù báyìí ló ṣòro. Àwọn tí ara wọn ṣì le, àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ ti ń kó wọn pamọ́, wọn ò sì tà á lówó pọ́ọ́kú. Àwọn tó sì wà nílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, ẹ gbé àga ẹ̀yìn wọn sókè, níbi tí bátìrì kékeré ń jókòó sí, ẹ ó rí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láti ibẹ̀. Ihò gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, tí ooru ẹ́ńjìnnì máa ń gbà wọ inú ọkọ̀, òun náà máa ń jẹ, bí ó bá sì ti jẹ, egungun ọkọ̀ ló jẹ yẹn. Mo wo èyí tó wà ní Mọ́kọ́lá, mo wo ti Ẹlẹ́yẹlé, mo fi wọ́n sílẹ̀, ó sì dùn mí.

Golf 3 dáa. Ó fi díẹ̀ kọjá 1,000 kílò, gíà mánúwà rẹ̀ lágbára, páàtì rẹ̀ wà ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń ta páàtì. Bí ẹni tó ní ọmọ púpọ̀ bá bi mí, òun ni mo máa ń dárúkọ.

Corolla ọdún 2003 sókè àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn ṣọ́ra fún, kì í ṣe pé wọn ò dáa. Òtómátíìkì ló pọ̀ jù nínú wọn, gíà òtómátíìkì kò sì bá iṣẹ́ yìí mu. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí lọ láìdúró ló ń fi agbára fún pọ́ńpù tó ń ti ọ́ìlì inú rẹ̀. Mọ́tò iná sì máa ń dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, kò ní ohun tó ń jẹ́ kó máa yí lásán. Bí ẹ bá wá ní kó máa yí torí ọ́ìlì gíà, iná tó yẹ kó gbé yín lọ Ọ̀yọ́ ni ẹ ń fi dúró ní gó-síló. Ìkejì ni kọ̀ǹpútà. Nínú ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ń bá ti bíréèkì sọ̀rọ̀, ti bíréèkì ń bá dáṣíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò, gbogbo iná ìkìlọ̀ á tàn, sítíárìn tó ń lo iná lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dáadáa lè tú u. Èmi ò fẹ́ kí ọkọ̀ tí mo fi ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ gbára lé ìyẹn. Ní ti Honda àtijọ́, ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀: ẹ́ńjìnnì púpọ̀ nínú wọn ń yí sí òdì kejì sí bí ti àwọn ọkọ̀ yòókù ṣe ń yí. Mọ́tò iná ṣeé yí padà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó rà á, torí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àwọn mọ́tò kan apá kan ṣoṣo ló mọ̀.

Mo wá fàbọ̀ sórí Micra, ọkọ̀ tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀ bí ẹni mọ owó. Èyí tí mo ń sọ ni ti àárín ọdún 1992 sí 2003, olórí róbótó yẹn, tí wọ́n ṣe ní Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ Ọkọ̀ Ọdún 1993 ní Yúróòpù, ọkọ̀ Japan àkọ́kọ́ tó gbà á. Ìwọ̀n rẹ̀ kò jìnnà sí 800 kílò. Mánúwà ló pọ̀ jù níbí. Èyí tí kò ní páwà sítíárìn wà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ wá irú rẹ̀ ni, torí ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ńpù páwà sítíárìn, bí ẹ́ńjìnnì bá sì lọ, ẹ máa ra pọ́ńpù oníná mìíràn. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ tó báyẹn, ọwọ́ lásán tó o.

Ohun kan ni mo kọ̀ jálẹ̀: mi ò ra èyí tí wọ́n ti fi ṣe tasín-ín. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn awakọ̀ Micra wa, àwọn ló ń gbé ìlú yìí kiri, ṣùgbọ́n ẹrù tí ọkọ̀ yẹn ti rù kì í kúrò lára irin. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti wọ inú bọ́dì, lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì lápá ọ̀tún àti òsì, ẹ fọwọ́ nu ọ̀rá ibẹ̀ kúrò kí ẹ wò ó. Bí irin ibẹ̀ bá ti là, tí wọ́n sì ti jó o pọ̀ léraléra, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe yẹ ara ọkọ̀ wò, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi wà. Òòfà kékeré kan tí mo yọ lára sípíkà àtijọ́ ni mo máa ń mú dání, tí mo fi aṣọ wé kó má ba ọ̀dà jẹ́. Mo máa ń fi í yí gbogbo ọkọ̀ ká: ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, etí ibi tí táyà wọ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ibi tí irin bá wà, òòfà á lẹ̀ mọ́ ọn gbágbá. Ibi tí páńẹ́lìbítà bá ti fi bọ́dì fílà, ìpo tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, dí, á já sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọ̀dà lè máa dán lókè, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju eéje lọ. Lára ọkọ̀ kan tí mo wò ní Apata, gbogbo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn òsì kò fa òòfà rárá. Mo fi èékánná kàn án, ìró rẹ̀ dún bíi ti igi.

Ara ibi tí mo ń fẹ̀sọ̀ wò jù ni ibi tí bátìrì máa jókòó lé. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù kúrò, mo gbé táyà ìpamọ́ jáde, mo tan iná fóònù sínú kòtò rẹ̀. Omi máa ń gba etí iná ẹ̀yìn wọlé síbẹ̀, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ láti inú wá síta. Mo mú síkúrúdíráfà, mo fi orí rẹ̀ tẹ ibi tó bá pọ́n. Irin tó ṣì dáa á dún “kó!”, èyí tó ti dípẹtà á rọ̀, á sì bu sílẹ̀ bí àkàrà gbígbẹ. Àwọn tòkunbọ̀ tó gba Kùtọnù wọlé láti àwọn ìlú tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù, abẹ́ wọn ni kí ẹ wò ṣáájú òkè. Ẹ sì fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ tàbí ìlà omi lórí èyí tó máa ń ká sínú, ọkọ̀ yẹn ti wẹ̀ nínú àgbàrá rí, kò sí ọ̀dà tó lè pa ìyẹn rẹ́. Wáyà inú rẹ̀ á máa dá yín lóró títí ayé.

Gíà ni mo yẹ̀ wò tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ wà lórí jáàkì, ẹ́ńjìnnì ti kú, síbẹ̀ ó ṣeé ṣe. Ọ̀gá mẹkáníìkì ń fi gíà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń fi ọwọ́ yí táyà, a ń gbọ́ bí béárìn ṣe ń dún. Lẹ́yìn náà ó tú díẹ̀ nínú ọ́ìlì gíà sínú ike, ó rà á láàárín ìka méjì níwájú oòrùn. Bí ẹyọ irin tó ń kọ mànàmáná bá pọ̀ nínú rẹ̀, eyín gíà ti ń jẹ nìyẹn. Tèmi dúdú, ó ti pẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní irin nínú. Mọ́tò iná máa ń fa gíà gbì-ì láti ìdúró, kò dà bí ẹ́ńjìnnì tó ń rọra gbéra, nítorí náà gíà tó ti rẹ̀ kò ní pẹ́ já. A sọ ọkọ̀ kalẹ̀, a tú àǹbíréèkì, mo ní kí ọmọkùnrin tó ń tà á dá nìkan tì í. Ó yí lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá gba èèyàn mẹ́ta kó tó mira, bíréèkì ló ń di táyà mú tàbí béárìn ló ti kú, ẹ ó sì máa san iná lórí ìyẹn lójoojúmọ́ bí ẹ ò bá tún un ṣe.

Mo wá ní kí wọ́n bá mi gbé àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta wá láti ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Mo kọ́kọ́ fi téèpù wọn àlàfo láàárín àárín táyà ẹ̀yìn sí etí bọ́dì tó wà lókè rẹ̀. A to àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú búùtù, 150 kílò nìyẹn, mo tún wọ̀n ọ́n. Ó lọ sílẹ̀, àmọ́ kò kanlẹ̀, nígbà tí a sì kó wọn kúrò, ó padà sípò. Àwọn tó ń wò wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rò pé ilé ni mo fẹ́ kọ́. Síbírín tó ti rẹ̀ kì í padà sípò báyẹn. Ẹ sì wá àwo irin kékeré tí ilé-iṣẹ́ kàn mọ́ ara ọkọ̀, tí nọ́ńbà ṣáásí wà lórí rẹ̀. Lórí ti àwọn ọkọ̀ Yúróòpù, nọ́ńbà mẹ́rin ló wà ní ìsàlẹ̀: ti òkè ni ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú èèyàn àti ẹrù, èyí tó tẹ̀ lé e ni tòun ti ohun tó bá ń fà lẹ́yìn, èyí tí wọ́n kọ 1 sí níwájú ni ti ẹsẹ̀ iwájú, ti 2 ni ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ sínú fóònù mi. Gbogbo ètò bátìrì mi, orí nọ́ńbà yẹn ni mo gbé e kà, torí bíréèkì àti táyà ọkọ̀ náà orí rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ gbé tiwọn kà.

Àyè ṣì kù. Sẹ́ẹ̀lì LiFePO4, irú bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan, tó ní áńpíà-wákàtí 280 ni mo fẹ́ lò, irú èyí tí mo ń tò fún àwọn oníbàárà, 32 nínú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 3.2, ó wọn kílò márùn-ún àti ààbọ̀ tàbí kó dín díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bíi yúníìtì 28. Kí n tó san kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀, mo ti gé páálí nílé sí ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì kan: 174 ní gígùn, 72 ní nínípọn, 207 ní gíga, mìlímítà ni o. Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ bá mi fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo kó àpótí páálí wọ̀nyẹn lọ sí Ìwó Road nínú àpò gààrí, mo sì ń tò ó sínú ọkọ̀ níṣojú gbogbo wọn. Ogún wọ ibi kòtò táyà ìpamọ́ àti ẹ̀yìn àga. Méjìlá tó kù, abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ló máa gbà wọ́n, mo fi òṣùwọ̀n ara ẹ́ńjìnnì mọ̀ ọ́n. Bí mo bá pín in báyẹn, ẹrù á pín sí iwájú àti ẹ̀yìn. Páálí ni ó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìdè búùtù á kan sẹ́ẹ̀lì méjì tó wà létí bí mo bá gbé wọn dúró, a ní láti gbé wọn lé ẹ̀gbẹ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í hàn lórí bébà.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa bátìrì tí wọ́n yọ lára Nissan Leaf, ọkọ̀ oníná kan, tó ti ní ìjàǹbá, bóyá kí wọ́n rà á kí owó lè dín kù. Bátìrì Leaf kò ní omi tó ń tù ú lára, ooru sì máa ń tètè jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wọn agbára tó kù nínú rẹ̀ kó tó sanwó.

Nígbà tí a tú ọkọ̀ náà palẹ̀, mo pe àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù pẹ̀lú sikéèlì wọn. Ẹ́ńjìnnì, sàlẹ́ńsà, ráídétọ̀, táǹkì, gbogbo rẹ̀ la gbé kọ́. Táǹkì tó gba nǹkan bí 40 lítà, bí ó bá kún, epo inú rẹ̀ nìkan ń sún mọ́ 30 kílò, mo ka ìyẹn náà mọ́ ọn. Ìgbà tí mo wá ṣírò mọ́tò iná, sẹ́ẹ̀lì, àpótí irin wọn àti wáyà, ohun tí a fi kún un ju èyí tí a yọ lọ, àmọ́ kò tó 100 kílò. Èèyàn kan tó sanra ni, ọkọ̀ náà sì wà lábẹ́ nọ́ńbà tó wà lórí àwo rẹ̀ pẹ̀lú èmi àti irinṣẹ́ mi. Irin ìsopọ̀ tó wà láàárín mọ́tò àti gíà, oní-léètì kan ló bá mi gé e. Ẹ má fi ibẹ̀ ṣe eré o: bí àárín méjèèjì kò bá dọ́gba gẹ́lẹ́, béárìn gíà kò ní pẹ́ kú. Bíréèkì náà fẹ́ pọ́ńpù kékeré oníná tó ń fa afẹ́fẹ́, torí ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe ìyẹn fún un tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé ọkọ̀ wa, ẹ sì máa yọ ẹ́ńjìnnì yẹn. Ọkọ̀ tí kò ní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tó pé, tí orúkọ orí rẹ̀ ò bá ti ẹni tó ń tà á mu, má ra irú rẹ̀ bó ti wù kí ara rẹ̀ dán tó, torí ẹ ó tún padà lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì lọ sọ àyípadà tí ẹ ṣe. Rìsíìtì mọ́tò iná, ti bátìrì, fọ́tò nọ́ńbà ara mọ́tò àti ìwé ìtajà ẹ́ńjìnnì àtijọ́, inú fáìlì kan ni mo kó gbogbo wọn sí, ó sì wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Micra náà ń gbé mi tó 150 kìlómítà kí n tó wá iná, ó sì ń gun Màpó pẹ̀lú irinṣẹ́ mi láìmí gúlegúle. Ní báyìí, kòròpé, bọ́ọ̀sì kékeré yẹn, ni mo ń wò. Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ ní Bódìjà ló bẹ̀ mí kí n bá òun ṣe ọ̀kan tí yóò máa fi kó ọjà, mo sì rò pé ó lè dáa ju Micra lọ fún irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lábẹ́ àga iwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ, ilẹ̀ inú rẹ̀ tẹ́jú, bátìrì á sì lè wà lábẹ́ ní àárín ọkọ̀ níbi tí ẹrù kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí Ìyá rí ní Ṣáṣá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú bí a ṣe fẹ́, gíà rẹ̀ dáa, ìwé rẹ̀ pé. Àmọ́ òòfà já sílẹ̀ lọ́wọ́ mi níbi tí síbírín ẹ̀yìn gbé fara ti bọ́dì, ní ọ̀tún àti ní òsì. Mo ní kí wọ́n má tíì sanwó. Òmíràn wà ní Ọ̀jọ́ọ̀ tí a máa lọ wò lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ti sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó wá àpò sìmẹ́ǹtì sílẹ̀.